Rédíò oníkáàdì àti Stream tó ń fo fáìlì: ẹ jẹ́ ká kó ọgbọ́n jọ sójú kan

Ará Lágéré:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń fetí kàwé ní Ifẹ̀ àti Iléṣà. Ẹ̀rọ méjì ló wà nílẹ̀ tó ń dààmú akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran. Ọ̀kan jẹ́ Victor Reader Stream ti iléeṣẹ́ HumanWare, ẹ̀rọ àfọwọ́mú tó ń ka ìwé sétí, ẹ̀kejì jẹ́ rédíò kékeré oníkáàdì tó ní bọ́tìnì nọ́ńbà, irú èyí tí wọ́n ń tò sórí tábìlì ní Sábó. Káàdì 64GB kan ṣoṣo ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín méjèèjì. Stream kò rí àwọn ìwé DAISY kan, ìyẹn ìwé olóhùn tí a pín sí orí àti ojú ewé fún afọ́jú, tó wà lórí rẹ̀. Ohùn tí olùkọ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò dún rárá lórí rédíò. Ẹ̀kọ́ kẹwàá ń ṣáájú ẹ̀kọ́ kejì. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé káàdì náà lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, gbogbo fódà rẹ̀ ti di nǹkan tí kò ju 2KB lọ lójú kọ̀ǹpútà. Atúnrédíòṣe ní ká gbé rédíò wá kí òun tú u. Ṣé ká gbé e lọ?

Atúnkáàdìṣe:
Ẹ má tíì gbé e lọ o. Nínú ohun mẹ́rin tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, kò sí èyí tó jọ àìsàn ara ẹ̀rọ. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi láàárín ẹ̀rọ, káàdì àti fáìlì. Ẹ wá káàdì kékeré mìíràn, 4GB tàbí 8GB, kí ẹ fi MP3 kan tó ń dún ketekete lórí fóònù sí i, kí ẹ ki káàdì náà bọ ẹ̀rọ. Tó bá dún, ara ẹ̀rọ le. Ẹ wá fi MP3 yẹn kan náà sórí káàdì tí ẹ ń fura sí. Tí kò bá dún níbẹ̀, káàdì lẹ ó mú. Tó bá dún tí àwọn ìyókù kò dún, àwọn fáìlì ìyókù ni kí ẹ yẹ̀ wò. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Ohun kejì ni títì káàdì. Ẹ di káàdì SD ńlá mú kí igun tí wọ́n gé wà lókè lápá ọ̀tún, kí ojú tó dán wà níwájú yín, kí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ wà lẹ́yìn. Ẹ fi èékánná wá ẹ̀gbẹ́ òsì: ike kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń lọ sókè sódò. Tó bá wà lókè, káàdì ṣí. Tó bá wà nísàlẹ̀, ó ti. Káàdì tí a tì lè máa dún, ṣùgbọ́n kò ní gba fáìlì tuntun, ẹ kò sì ní lè pa ohunkóhun rẹ́ lórí rẹ̀. Káàdì pínníṣín ti fóònù kò ní ike yìí lára, àmọ́ ìkòkò tí a ń kì í bọ̀ kó tó lè wọ Stream ní in. Ike ìkòkò tó ti pẹ́ máa ń rọ̀, ó sì ń yọ̀ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀ bí a bá ṣe ń tì í wọlé. Ìkòkò ni kí ẹ pààrọ̀, kì í ṣe káàdì.

Afetíkàwé:
Ẹ jẹ́ kí n mú ti Stream. Fódà tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì dọ́là àti VR nìkan ni ẹ̀rọ yẹn ń wò. Fúnra rẹ̀ ló ń dá wọn sílẹ̀ tí ẹ bá ki káàdì òfìfo bọ̀ ọ́. Ìwé DAISY ń lọ sínú $VRDTB, MP3 tó jẹ́ ìwé tàbí ẹ̀kọ́ ń lọ sínú $VROtherBooks, orin ń lọ sínú $VRMusic, ọ̀rọ̀ títẹ̀ bíi TXT ń lọ sínú $VRText, ohùn tí ẹ fi ẹ̀rọ náà gbà sì wà nínú $VRNotes. Bí ẹ bá fi ìwé sí ìta àwọn fódà wọ̀nyí, tàbí tí ẹnìkan yọ àmì dọ́là kúrò nítorí ó rò pé àṣìtẹ̀ ni, Stream yóò kọjá rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Bọ́tìnì 1 lẹ ó máa tẹ̀ láti ti pẹpẹ ìwé kan bọ́ sí òmíràn. Tí ẹ kò bá gbọ́ orúkọ pẹpẹ kan rárá, ó ṣeé ṣe kí fódà rẹ̀ ṣófo.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni kíkó ẹ̀kọ́ sínú $VRMusic. Ìwé kan ṣoṣo ni Stream ka gbogbo pẹpẹ orin sí. Ẹ ó gbọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn dé ààbọ̀, ẹ ó bọ́ sí orin kan, ibi tí ẹ dé nínú ẹ̀kọ́ ìtàn á sì sọnù. Nínú $VROtherBooks, fódà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìwé kan, ẹ̀rọ sì ń rántí ibi tí ẹ dúró sí nínú ìwé kọ̀ọ̀kan. MP3 tí ẹ bá jù síbẹ̀ láìsí fódà á di ìwé ara rẹ̀, nítorí náà bí ẹ̀kọ́ ogún bá wà níta fódà, ogún ìwé lẹ ó máa là kọjá. Fódà kan fún ẹ̀kọ́ kan, ó tán.

DAISY ló nílò ìpamọ́ jù. Kì í ṣe ohùn nìkan. Nínú DAISY 2.02, ẹ ó bá fáìlì kan tó ń jẹ́ ncc.html, àwọn fáìlì SMIL, àti MP3. Nínú DAISY 3, èyí tó parí sí OPF àti NCX ló wà dípò ncc.html. Ncc tàbí NCX yìí ló ń sọ fún ẹ̀rọ ibi tí orí kejì ti bẹ̀rẹ̀ àti ojú ewé tó wà níbẹ̀. SMIL ló so ọ̀rọ̀ mọ́ ìṣẹ́jú ohùn. Ẹni tó bá kó MP3 nìkan jáde ti gé ọrùn ìwé náà: ohùn á wà, orí àti ojú ewé á lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá yí orúkọ MP3 kan padà kí ó lè “dùn ún kà”, torí SMIL ń pe orúkọ àtijọ́.

Bí ìwé bá dé nínú ZIP, ẹ tú u. Lẹ́yìn títú, ẹ wọ inú fódà rẹ̀ wò. Windows fẹ́ràn láti fi fódà bọ inú fódà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ gbé ti inú jáde, kí ncc.html wà ní inú fódà ìwé náà gan-an lábẹ́ $VRDTB. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé tí ẹ̀rọ ṣì kọ̀, ẹ bi ẹni tó fi ìwé ránṣẹ́ bóyá kọ́kọ́rọ́ wà lórí rẹ̀. Àwọn ilé-ìkàwé kan ń ti ìwé wọn mọ́ ẹ̀rọ ẹni tó yá a, kíkọ́pì kò sì lè ṣí i.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Fódà tó di 2KB yẹn, fáírọ́ọ̀sì shortcut ni. Ẹ̀kọ́ yín kò sọnù. Ó fi àmì ìfarapamọ́ sára fódà gidi, ó wá fi ayédèrú kékeré kan tó ń jẹ́ orúkọ kan náà sí ipò rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ Enter lórí ayédèrú náà, nítorí títẹ̀ yẹn ló ń gbé e wọ kọ̀ǹpútà. Ẹ má sì fọ́máàtì káàdì o! Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti pàdánù iṣẹ́ sáà kan gbáko.

Ẹ ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà tí Windows Defender rẹ̀, ètò tó ń lé fáírọ́ọ̀sì, ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí NVDA, ètò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè, sọ lẹ́tà tí káàdì ń jẹ́ fún yín, ká ní E ni. Ẹ tẹ Windows àti R pọ̀, ẹ tẹ cmd, ẹ tẹ Enter, kí ẹ wá tẹ èyí bó ṣe wà:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

Àyè wà lẹ́yìn attrib àti láàárín àmì kọ̀ọ̀kan, kò sí àyè láàárín E, àmì ojú méjì àti ìlà ìdàkejì. Bí káàdì bá kún, ó lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ ní sùúrù títí NVDA yóò fi ka lẹ́tà dírafù padà. Fódà gidi ti jáde báyìí. Ẹ fi èyí pa àwọn ayédèrú rẹ́:

del E:\*.lnk

Ẹ̀yà kan wà tó jẹ́ pé inú fódà aláìlórúkọ ló kó gbogbo ẹrù sí. NVDA lè dé orí rẹ̀ kó má pe ohunkóhun, tàbí kó sọ pé òfìfo ni. Ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ ó bá fódà yín níbẹ̀, ẹ kó wọn jáde. Ohunkóhun tó bá parí sí vbs, js tàbí exe lórí káàdì ìwé, ẹ pa á rẹ́, kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Kí ẹ tó yọ káàdì, ẹ jẹ́ kí Defender yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀.

Ike títì tí Atúnkáàdìṣe júwe lókè ni ògùn ààbò. Bí ẹ bá ń lọ síbi ìtẹ̀wé ní Lágéré tàbí ní ìgboro Iléṣà láti kàn tẹ ìwé jáde, ẹ fi káàdì sínú ìkòkò, ẹ ti ike sísàlẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kọ̀ǹpútà wọn á ka fáìlì, kò ní lè kọ nǹkan sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gba fáìlì lọ́wọ́ wọn, ẹ lo káàdì tí kò sí ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀.

Olóhùn Ilé:
Ti WhatsApp ni tèmi. Ohùn tí a sọ sínú WhatsApp kì í ṣe MP3, Opus ni. Lórí Android, ẹ ó bá a nínú Android, lẹ́yìn náà media, com.whatsapp, WhatsApp, Media, WhatsApp Voice Notes. Fódà ibẹ̀ ń jẹ́ ọdún àti ọ̀sẹ̀, fáìlì fúnra rẹ̀ sì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PTT, ọjọ́ tó wọlé, àti WA pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Rédíò kékeré kò mọ Opus rí. Ohùn tí fóònù gbà fúnra rẹ̀ náà lè jẹ́ M4A tàbí AMR, ìyẹn náà kò ní dún lórí ọ̀pọ̀ rédíò.

Àwọn kan á sọ pé kí ẹ yí ìparí orúkọ rẹ̀ sí mp3. Ẹ má dá wọn lóhùn. Aṣọ lẹ pààrọ̀, ènìyàn inú rẹ̀ ò yí padà. Ẹ fẹ́ yí ohùn fúnra rẹ̀.

FFmpeg, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yí irú ohùn kan sí òmíràn, ni mo fọwọ́ sí, nítorí ọ̀fẹ́ ni, títẹ̀ sì ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, kò sí àwòrán tí NVDA máa ń ṣubú lé. Ẹ kó gbogbo ohùn sínú fódà kan. Nínú fódà náà, ẹ tẹ Alt àti D, ẹ tẹ cmd sórí ohun tó wà níbẹ̀, ẹ tẹ Enter: ojú ìwé àṣẹ á ṣí nínú fódà yẹn gan-an. Ẹ wá tẹ:

for %i in (*.opus) do ffmpeg -i "%i" -ac 1 -ar 44100 -b:a 64k "%~ni.mp3"

Gbogbo Opus inú fódà á di MP3 tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, àwọn ti tẹ́lẹ̀ á ṣì wà. Tí ó bá jẹ́ M4A, ẹ fi m4a rọ́pò opus. Ìtumọ̀ rẹ̀ rèé: ac 1 ni ohùn kan ṣoṣo fún etí méjèèjì, 44100 ni ìwọ̀n tí kò sí rédíò MP3 tó kọ̀ ọ́, 64k sì ni bó ṣe máa nípọn tó. Wákàtí kan á gba nǹkan bíi 29MB. Lórí káàdì 32GB, ẹ ó rí àyè fún wákàtí tó lé ní ẹgbẹ̀rún. Bí ẹ bá fi 128k ṣe é, ìlọ́po méjì àyè ló máa jẹ, ohùn olùkọ́ kò sì ní mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí WhatsApp ti fún un pọ̀ kó tó dé ọwọ́ yín.

Ẹ bẹ àwọn olùkọ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ tó ń ka ìwé sínú fóònù fún wa: kí wọ́n gbé fóònù jìnnà sí ẹnu tó ìdajì ìgbọ̀nwọ́, kí wọ́n pa fáànù, kí wọ́n sì dárúkọ ojú ewé bí wọ́n bá ti ṣí i. Kò sí ẹ̀rọ tó lè dá ojú ewé tí ẹnìkan kò pè padà.

Ará Ìsọ̀kùn:
Ẹ̀kọ́ kẹwàá tó ń ṣáájú ẹ̀kọ́ kejì lè jẹ́ ọ̀nà méjì, ẹ má pò wọ́n pọ̀.

Àkọ́kọ́: ẹ̀rọ tó ń fi orúkọ tò wọ́n ń wo àmì kọ̀ọ̀kan láti iwájú. Ó rí 1, ó rí 10, ó rí 11, kó tó rí 2. Ẹ fi òdo síwájú: 001, 002, 010. Ó parí.

Ìkejì ló ń gba ènìyàn lákókò. Ọ̀pọ̀ rédíò olówó pọ́ọ́kú kì í wo orúkọ rárá. Bí fáìlì ṣe wọ káàdì tẹ̀léra ni wọ́n ń kọrin. Èyí tí ẹ kọ́kọ́ kọ́pì ló máa kọ́kọ́ dún, kódà bó ń jẹ́ 099. Bí ẹ bá yí orúkọ padà lórí káàdì, kò ní yí nǹkan kan. Bí ẹ bá pa ọ̀kan rẹ́ láàárín tí ẹ fi òmíràn sí i, tuntun lè jókòó sí ààyè tó ṣófo yẹn, ó di pé ẹ̀kọ́ ogún ń dún lẹ́yìn ẹ̀kẹta. Ẹ pa fódà ẹ̀kọ́ náà rẹ́ kúrò lórí káàdì pátápátá, kí ẹ tún un kọ́pì látorí kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, tẹ̀léra. Ẹ lè bẹ kọ̀ǹpútà kó bá yín ṣe é. Nínú fódà tí MP3 wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí ojú ìwé àṣẹ bí Olóhùn Ilé ṣe wí, kí ẹ tẹ ìlà méjì yìí:

md E:\EKO

for /f "delims=" %i in ('dir /b /on *.mp3') do copy "%i" E:\EKO\

Ìlà kejì á ka orúkọ wọn láti kékeré lọ, á sì gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Rédíò tí kì í sọ̀rọ̀ kò lè sọ fún yín pé fódà báyìí lẹ wà. Ẹ ṣe é fúnra yín: ẹ fi ohùn yín gba àkọlé fódà, “Ẹ̀kọ́ Ìtàn, sáà kìíní”, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, ẹ sọ ọ́ di MP3, ẹ pè é ní 000_akole.mp3, kí ó sì jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa kọ́pì sínú fódà yẹn. Bí ẹ bá ṣe ń tẹ bọ́tìnì fódà, ẹ ó máa gbọ́ orúkọ ibi tí ẹ wà lédè Yorùbá. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kó káàdì fún àwọn afọ́jú máa ṣe èyí. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ló gbà, ó sì ń gba ẹni tó ni káàdì lọ́wọ́ bíbẹ aríran kiri.

Ọmọ Mọ̀ọ́rẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n, orúkọ àkọlé yẹn, ṣé ká fi àmì ohùn sí i? Igbá, ìgbà, igba kò dọ́gba.

Ará Ìsọ̀kùn:
Nínú orúkọ fáìlì, ẹ má fi sí i, àbúrò. Inú ìwé ni kí ẹ fi sí. Ìdí rẹ̀ rèé. Lẹ́tà ọ́, tó ní àmì lókè àti àmì nísàlẹ̀, kò ní àmì kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kan lè kọ ọ́ bí ọ tí a fi àmì òkè lé lórí, òmíràn lè kọ ọ́ bí o lásán tí a fi àmì méjì lé lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójú àti létí, ọ̀kan náà ni wọ́n, lọ́dọ̀ ẹ̀rọ, orúkọ méjì ni. Ẹ lè ní fáìlì méjì tó ń jẹ́ “Ọ́fíìsì” nínú fódà kan, kí DAISY máa wá ọ̀kan kó má rí i. Rédíò kékeré tiẹ̀ lè fo fáìlì náà pátápátá. Ẹ lo lẹ́tà lásán, nọ́ńbà, àti ìlà ìsàlẹ̀.

Afetíkàwé:
Mo fi kún un: TXT tí a kọ ní Yorùbá, ohùn Gẹ̀ẹ́sì inú Stream ni yóò kà á, ó sì máa pa á lára. Fún iṣẹ́ Yorùbá, ohùn ènìyàn ló dára.

Ní ti PDF, ìwé tí wọ́n yá ní ilé-ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi ní OAU tí wọ́n wá fi fóònù ya ojú ewé rẹ̀, àwòrán ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ẹ dán an wò: ẹ ṣí i, ẹ tẹ Control àti A, Control àti C, kí ẹ lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ Notepad. Bí Notepad bá ṣófo, àwòrán ni. Ẹ gbé e fún ẹ̀rọ tó ń dá ọ̀rọ̀ mọ̀ nínú àwòrán, kí ẹ ka àbájáde rẹ̀ wò, kí ẹ tó fi TXT rẹ̀ sínú $VRText kí ẹ sì yan UTF-8 nígbà tí ẹ bá ń fi pamọ́. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé olè ni yíyí ìwé padà fún afọ́jú: Àdéhùn Marrakesh ti 2013 ló ṣí ọ̀nà yẹn fún wa, Nàìjíríà sì wọ inú rẹ̀ ní 2017.

Atúnkáàdìṣe:
A kò tíì fọwọ́ kan 64GB yẹn. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀.

Káàdì tó bá ju 32GB lọ máa ń ti ilé wá ní exFAT, ọ̀nà kan tí a ń gbà to fáìlì sórí káàdì. Rédíò kékeré kì í sábà mọ ìyẹn, FAT32 ló mọ̀. Ojú ìfọ́máàtì inú Windows tí a mọ̀ kì í sì fi FAT32 hàn fún káàdì tó ju 32GB. Rufus, ètò ìfọ́máàtì kan, lè ṣe é, ṣùgbọ́n kí ẹ kó ẹ̀kọ́ yín sí ibòmíràn kí ẹ tó dán an wò, nítorí ìfọ́máàtì á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Bí ẹ bá bi mí, ẹ ra 32GB méjì, ọ̀kan fún Stream, ọ̀kan fún rédíò. Ẹ má lẹ nǹkan mọ́ wọn lára láti fi dá wọn mọ̀ o, gọ́ọ̀mù á ha sínú ihò ẹ̀rọ. Ike tí ẹ fi ń pa wọ́n mọ́ ni kí ẹ sàmì sí, ẹ so òwú mọ́ ọ̀kan.

Èyí tó burú jù ni káàdì irọ́. Wọ́n kọ 64GB sí i lára, kọ̀ǹpútà náà á sì pè é ní 64GB, bẹ́ẹ̀ 8GB ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí ẹ bá kọ́kọ́ kó sí i á dún. Bó bá kọjá 8GB, orúkọ fáìlì á wà, ìwọ̀n rẹ̀ á pé, ṣùgbọ́n kò sí ohùn nínú rẹ̀, tàbí kó máa dún ẹ̀kọ́ mìíràn. H2testw, ètò kọ̀ǹpútà tó ń dán káàdì wò, ló ń tú àṣírí rẹ̀. Ẹ kó gbogbo nǹkan kúrò lórí káàdì, ẹ ṣí H2testw, ẹ yan English, ẹ tẹ “Select target” láti yan káàdì, ẹ tẹ “Write + Verify”. Yóò kọ nǹkan kún káàdì dẹ́nu, á sì kà á padà. Tí káàdì bá ń gba 10MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 64GB á gbà tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta láti kọ, kíkà náà wà níwájú. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí bátìrì kọ̀ǹpútà kò bá lágbára, iná lè lọ nígbàkigbà. “Test finished without errors” ni ẹ fẹ́ gbọ́. Bó bá sọ ohun mìíràn, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á kí ọjọ́ tó pẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Ẹ sì yé fa káàdì yọ bí ẹni fa koríko. Lẹ́yìn tí NVDA bá dákẹ́, kọ̀ǹpútà lè ṣì máa kọ ìyókù. Ẹ lọ sórí dírafù E, ẹ tẹ Shift àti F10, ẹ wá “Eject”, ẹ tẹ Enter, kí ẹ tó fọwọ́ kan káàdì. Bí iná bá lọ láàárín kíkọ́pì, ẹ tẹ chkdsk E: /f ní ojú ìwé àṣẹ tí ẹ fi “Run as administrator” ṣí. Ó lè kó àjákù jọ sínú fódà tó ń jẹ́ FOUND.000, àwọn fáìlì ibẹ̀ sì parí sí CHK. Níbẹ̀ nìkan ni yíyí ìparí orúkọ sí mp3 ti lè ṣiṣẹ́, bó bá jẹ́ pé MP3 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ará Lágéré:
Ẹ ṣeun gan-an. Àṣẹ attrib ti mú gbogbo fódà jáde, ncc.html ló sì sá sínú fódà kejì. Ó ku fáìlì kan: ohùn ìpàdé wákàtí márùn-ún. Ó ń dún, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ bọ́tìnì ìsáré, á fò lọ síbi tí a kò pè é, wákàtí tó sì ń pè kì í bára mu.

Olóhùn Ilé:
VBR ni, ìyẹn MP3 tí ìnípọn rẹ̀ ń yí láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Rédíò ń fi ìwọ̀n fáìlì ṣírò àkókò, ìṣirò náà sì ń ṣìnà. Àwòrán ẹ̀yìn ìwé tó tóbi nínú fáìlì náà lè mú kó dúró kó tó bẹ̀rẹ̀. Àṣẹ kan á tún gbogbo rẹ̀ ṣe, á sì gé e sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún ègé fún wákàtí márùn-ún. Ìlà kan ṣoṣo ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí:

ffmpeg -i ipade.mp3 -map 0:a -map_metadata -1 -ac 1 -ar 44100 -b:a 64k -f segment -segment_time 900 -segment_start_number 1 apa_%03d.mp3

Bí ẹ bá fẹ́ fi àṣẹ yìí pamọ́ sínú fáìlì bat, ẹ kọ àmì ìdá-ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀mejì, %%03d, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ gbọ́ ìparí apa_001 àti ìbẹ̀rẹ̀ apa_002 kí ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ so pọ̀, kí ẹ tó pa èyí tó gùn rẹ́.